Chongqing fún ìgbà àkọ́kọ́: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Géètì:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀yà ara ọ̀kadà ni mò ń tà ní Gate, n'Ìbàdàn níbí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà, Guangzhou ni mo máa ń dúró sí. Ibẹ̀ ni mo mọ̀nà, ibẹ̀ náà ni mo ti ń rí ẹni bá sọ Yorùbá. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tí mò ń bá dòwò ní kí n kúkú wá sí Chongqing fúnra mi, kí n fojú ara mi rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì tí à ń kó wálé. Ó lóun á mú mi lọ sí iléeṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, màá ní ọjọ́ díẹ̀ lọ́wọ́ kí n tó padà.

N kò fẹ́ jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì kí n máa wo ògiri. Àwọn fídíò ìlú náà tí mò ń rí ń yà mí lẹ́nu: rélùwéè tó wọnú ilé alájà lọ, títì tó gba orí òrùlé. Ẹnì kan tiẹ̀ sọ fún mi pé máàpù fóònù kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti débẹ̀ rí, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Kí ni mo lè jẹ? Mùsùlùmí ni mí, ẹ bá mi rántí ìyẹn. Ṣé owó ni kí n mú dání àbí fóònù ni wọ́n fi ń sanwó? Mo tún kà á níbì kan pé èèyàn lè wọ ìlú náà fún ọjọ́ mẹ́wàá láìgba físà. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ìyá_Àdùnní:

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ o. Ọmọ mi obìnrin ló kàwé gboyè kejì ní Chongqing. Mo lọ kí i níbẹ̀, a sì jọ rin ìlú náà dáadáa. Mo fẹ́ràn ìlú yẹn gan-an. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí àwọn tó débẹ̀ tó jẹ́ pé fọ́tò iná alẹ́ nìkan ni wọ́n yà, tí wọ́n sì gba Chengdu lọ.

Ohun tí ẹ máa fi sọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ nìyí: ẹ má ka bí ibì kan ṣe jìnnà sí, bó ṣe ga sí ni kí ẹ kà. Orí òkè ni wọ́n kọ́ ìlú náà sí, láàárín odò méjì, Yangtze àti Jialing, tí wọ́n pàdé ní Chaotianmen. Ibi méjì lè fẹnu ko ara wọn lórí máàpù, kí ọ̀kan wà lókè téńté, kí èkejì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Máàpù ń ṣiṣẹ́ o, ẹ má dá ẹni yẹn lóhùn. Àmọ́ kò ní sọ fún yín pé títì tó ní kí ẹ yà sí wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, pé ẹ ní láti wọ ẹ̀rọ agbéniròkè nínú ilé onílé kí ẹ tó débẹ̀. Nítorí náà, láràárọ̀, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí ibi tó ga jù lọ lọ́nà tí ẹ fẹ́ rìn, kí ẹ wá máa sọ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá gbéra láti etí odò tó ń gòkè, kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti kọ̀ fún un, kò sì tíì rí nǹkan kan.

Kuixinglou, nítòsí Linjiangmen, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Gbàgede kan ni, ọmọdé ń sáré kiri, àwọn ìyá àgbà jókòó ti àpò ẹ̀fọ́ wọn. Kò sí ẹni tí kò ní pè é ní ilẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, kùrukùru ìlú náà ti bo gbogbo nǹkan, irin tí wọ́n fi ṣe ọgbà etí rẹ̀ tutù, ó ń sun omi. Ọmọ mi ní, "Màmá, ẹ wolẹ̀." Mo di irin yẹn mú, mo wolẹ̀. Àjà kejìlélógún ilé kan ni mo dúró lé! Títì mìíràn wà nísàlẹ̀, bọ́ọ̀sì ń kọjá lórí rẹ̀, igi tí wọ́n gbìn sétí rẹ̀ rí wínníwínní. Àwọn tó ń gbé ilé yẹn ń jáde sí ìta láti òkè, wọ́n ń jáde sí ìta láti ìsàlẹ̀, ìta tòótọ́ sì ni méjèèjì. Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti béèrè ní Chongqing mọ́ pé ibo ni ilẹ̀ wà.

Láti ibẹ̀, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn lọ sí Hongyadong. Ilé ńlá alájà 11 ni wọ́n fi ara rẹ̀ gbe òkè. Wọ́n kọ́ ọ bí ilé àtijọ́ ibẹ̀ tó máa ń dúró lórí òpó igi. Ẹ gba òkè wọlé, níbi tí àjà kọkànlá ti dọ́gba pẹ̀lú títì, kí ẹ sọ̀ dé títì etí odò. Iná rẹ̀ lálẹ́ dára, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n ọjà àwọn àlejò ló kún inú rẹ̀. Ẹ wò ó, kí ẹ kọjá.

Ní ti Liziba, ibi tí rélùwéè ti wọnú ilé tí ẹ rí nínú fídíò, ẹ má lọ síbẹ̀ tààrà. Ẹ gbé takisí lọ sí ọgbà Eling lórí òkè, kí ẹ gba Eling Erchang kọjá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ owó bébà fún báńkì ìjọba nígbà ogun Jàpáàn. Ṣọ́ọ̀bù kọfí àti ti àwọn oníṣẹ́ ọnà ló kún ibẹ̀ báyìí. Láti ibẹ̀, ẹ ó máa sọ̀ kalẹ̀ títí ẹ ó fi dé títì etí Jialing, ẹ ó sì rí rélùwéè náà lókè orí yín. Ilé alájà 19 ni, ibùdókọ̀ wà ní àjà kẹfà dé ìkẹjọ, àwọn ènìyàn sì ń gbé lókè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé ṣe ni wọ́n dá ilé lu kí rélùwéè lè kọjá. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Wọ́n jọ kọ́ ilé àti ibùdókọ̀ pọ̀ ni, ṣùgbọ́n òpó tó gbé rélùwéè kò kan òpó tó gbé ilé, kí ilé má baà máa gbọ̀n. Táyà rọ́bà ni ọkọ̀ náà sì fi ń rìn, ó gun igi kọnkéré kan ṣoṣo, kì í ṣe irin méjì. Mo gbé ojú sókè, mo rí aṣọ tí ẹnì kan sá sójú fèrèsé. Ọkọ̀ wọlé lábẹ́ aṣọ yẹn, ó jáde lódìkejì, aṣọ náà kò mì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀. Òkúta àtẹ̀gùn ibẹ̀ máa ń lómi lára.

Abu_Ṣakirat:

As-salaam alaykum, ẹ̀gbọ́n. Màmá ti sọ ti ìrìn, ẹ jẹ́ kí n mú ti físà àti oúnjẹ.

Ẹ lọ gba físà. Òótọ́ ni pé wọ́n ń jẹ́ kí àwọn kan wọlé fún wákàtí 240 láìgba físà tí wọ́n bá ń kọjá lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, Chongqing sì wà lára ìlú tí wọ́n lè gbà wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn orílẹ̀-èdè kan pàtó ló wà fún, Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn tàn yín dé pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ̀yin náà ti mọ ti físà òwò, bó ṣe wà fún Guangzhou náà ló wà fún ibẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé ẹni tó pè yín lẹ fẹ́ sùn, kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì, ẹ jẹ́ kó mú yín lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wákàtí 24 tó pé.

Fóònù ni wọ́n fi ń sanwó. Ẹ ti so káàdì yín mọ́ Alipay tàbí WeChat láti ilé, kí wọ́n sì ti yẹ pásípọ́ọ̀tù yín wò lórí rẹ̀. Ìyá tó ń ta ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pàápàá, kóòdù ló máa nà sí yín. Ẹ mú owó díẹ̀ dání ṣá. WhatsApp àti Google kì í ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, ẹ sọ fún ará ilé kí ẹ tó lọ.

Ní ti oúnjẹ, ẹ ṣọ́ra. Ìkòkò gbígbóná tí ìlú náà fi lókìkí, ọ̀rá màlúù ni wọ́n fi ń se omi ọbẹ̀ rẹ̀, ẹni tó dúńbú màlúù yẹn kì í sì í ṣe Mùsùlùmí. Nínú ìkòkò kan náà ni wọ́n ń ri ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ tó ti dì bọ̀. Kódà noodles òwúrọ̀ wọn, wọ́n lè bu ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sí i láìsọ fún yín. Ẹ fi àmì yìí, tó túmọ̀ sí halal, sórí fóònù yín: 清真. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí i lójú ṣọ́ọ̀bù, ẹ wọlé. Àwọn ilé oúnjẹ tó ń ta noodles Lanzhou ló máa bá yín lára mu jù. Mùsùlùmí ló ń ta púpọ̀ nínú wọn, ojú yín ni wọ́n á ti fa ìyẹ̀fun náà títí á fi di tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á bu omi ẹran màlúù lé e. Mọ́sálásí wà láàárín ìlú, ní Yuzhong.

Ọmọ_Géètì:

Wa alaykum salaam, Abu. Àlàyé yín lórí físà yìí ti gbà mí. Màmá, ẹ ṣeun púpọ̀, mo ti kọ orúkọ ibi tí ẹ dá sílẹ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. Wọ́n ní ata ibẹ̀ máa ń mú kí ẹnu kú, ṣé kì í ṣe oògùn ni wọ́n ń bù sí i? Àti ọkọ̀ orí wáyà tó ń gba orí odò kọjá, ṣé ó tó kí èèyàn tò fún?

Ìyá_Àdùnní:

Kì í ṣe oògùn rárá, ọmọ mi. Èso igi kan ni, huajiao ni wọ́n ń pè é, kóro rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó kéré ju ẹ̀wà lọ dáadáa. Ṣé ẹ ti fi orín àta rin eyín rí? Bí ahọ́n ṣe máa ń ta, tí ètè á máa gbọ̀n fìrìfìrì, tí itọ́ á máa ṣàn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni huajiao ṣe ń ṣe. Ìbátan sì ni igi méjèèjì, abẹ́ orúkọ kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko kó wọn sí, Zanthoxylum. Wọ́n ń fi ata gbígbẹ pẹ̀lú rẹ̀ ni. Tí Ọlọ́run bá ṣe é tí ẹ rí ìkòkò gbígbóná tó jẹ́ halal, ẹ jẹ ẹ́. Wọ́n máa ń fi irin pín inú ìkòkò sí ojú mẹ́sàn-án. Àárín ló ń hó jù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ri ṣàkì bọ̀. Ẹ fi igi ìjẹun mú un, ẹ rì í, ẹ fà á jáde, ẹ tún rì í, kò gbọdọ̀ pẹ́ rárá, bí ẹ bá ti rí i tó ká etí kò, ó ti tó. Ẹ wá tì í bọ òróró yánmọ̀tí tí wọ́n po ááyù mọ́, ìyẹn ló máa pa iná ata náà. Ṣàkì yẹn á máa dún kàràkàrà lẹ́nu yín. Èmi tí mo ti ń se ṣàkì láti kékeré, n kò mọ̀ pé ó lè dùn láìrọ̀.

Ọkọ̀ orí wáyà tó fún yín láti wọ̀. 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, gígùn rẹ̀ lórí Yangtze jẹ́ mítà 1,166, àwọn ará ìlú ló sì wà fún kí afárá tó pọ̀. Èkejì rẹ̀ tó wà lórí Jialing láti 1982 ti dáwọ́ dúró ní 2011. Ẹ wọ̀ ọ́ láàárọ̀, láti apá gúúsù odò, ní Shangxinjie. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì. Á gba orí òrùlé àwọn ènìyàn kọjá kó tó dé orí omi.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín sí nìyí, ẹ má lọ láìdé Jiaochangkou. Nígbà tí Jàpáàn gbógun ti Ṣáínà, Chongqing ni ìjọba wọn sá wá ní ìparí 1937, ó sì di olú-ìlú. Láti 1938 di 1943 ni ọkọ̀ òfuurufú Jàpáàn ń ju bọ́ǹbù lu ìlú yẹn. Ohun tí àwọn ará ìlú rí sá sí ni inú òkè. Wọ́n gbẹ́ ihò, wọ́n tún gbẹ́ ihò. Ní ọjọ́ 5 oṣù Okúdù 1941, ènìyàn kún ihò kan ní àdúgbò yẹn kọjá bó ṣe lè gbà wọ́n, afẹ́fẹ́ tán níbẹ̀, ọ̀pọ̀ kú, ìyá tòun tọmọ. Wọ́n fi àmì ìrántí síbẹ̀. Àwọn àlejò ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń rajà, wọn kì í yà. Ẹ yà, ẹ dákún. Lẹ́yìn tí mo ti dúró níbẹ̀ ni mo tó mọ ohun tí mò ń wò nígbà tí mo rí ihò abẹ́ òkè níbòmíràn tí wọ́n ti sọ di ilé oúnjẹ, tí wọ́n sọ òmíràn di ṣọ́ọ̀bù ìwé, tí àwọn arúgbó sì ń wọ̀ wọ́n lọ gba ìtura nígbà ooru. Àwọn òbí wọn ló fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ.

Ní Chaotianmen, ẹ lè ṣì rí àwọn alábàárù tó ń fi ọ̀pá oparun gbẹ́rù léjìká. Wọn kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá ní ẹrù, ẹ fún wọn gbé, kí ẹ sì san owó gidi fún wọn. Iṣẹ́ tí kò sí ọkọ̀ tó lè ṣe lórí àtẹ̀gùn yẹn, èjìká wọn ló ti ń ṣe é.

Ẹlẹ́ńjìnnì_Mushin:

Ọlọ́jà ẹlẹgbẹ́ mi, Màmá kò sọ ti iṣẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Ìlú ọ̀kadà lẹ̀ ń lọ. Àwọn iléeṣẹ́ ọ̀kadà bíi Lifan, Loncin àti Zongshen, Chongqing ni ilé gbogbo wọn. Ẹni tó dá Zongshen sílẹ̀, Zuo Zongshen, atúnọ̀kadàṣe ni tẹ́lẹ̀ rí. Ogun tí Màmá ń sọ yẹn náà ló kó ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìbọn wá sí ìlú náà, torí ibẹ̀ jìnnà sí etí òkun. Iléeṣẹ́ Jialing wà lára wọn, ohun ìjà ló ń ṣe kó tó di pé ó ń ṣe alùpùpù. Tí ẹ bá dé iléeṣẹ́, ẹ béèrè àwọn àgbà tó mọ ìtàn yẹn, inú wọn máa ń dùn láti sọ ọ́.

Ẹ má lọ ní oṣù Agẹmọ tàbí Ògún. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe tiwa, kì í fẹ́ afẹ́fẹ́. Ní oṣù Ògún 2022, ó dé ìwọ̀n 45 Celsius ní Beibei, lábẹ́ Chongqing náà, igbó sì gbiná lórí òkè. Àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́kadà ìlú náà ló gbéra fúnra wọn, wọ́n ń gbé omi, oúnjẹ àti irinṣẹ́ gun òkè lọ fún àwọn panápaná, níbi tí mọ́tò kò lè dé. Eruku bò wọ́n, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde. Mo wo fídíò yẹn ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì fi han gbogbo ọmọ iṣẹ́ mi. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí ẹ̀rọ tí à ń tún ṣe yìí lè ṣe fún ìlú.

Ọmọ_Géètì:

N kò mọ ìyẹn rí. Oṣù Ọ̀wàrà ni mo máa lọ nígbà náà. Màmá, tó bá ku ọjọ́ kan péré fún mi, tí mo ti rí gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, níbo ni kí n lò ó?

Ìyá_Àdùnní:

Ọ̀wàrà dára, ooru á ti lọ. Bí ẹ bá fẹ́ jókòó, ẹ lọ sí ilé tíì Jiaotong ní Huangjueping. Inú rẹ̀ ti gbó, èéfín sìgá pọ̀, àwọn bàbá àgbà ń ta káàdì láti àárọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa lé yín.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi, Dazu ni màá lọ. Abẹ́ Chongqing náà ló wà. Rélùwéè ayárabíàṣá ló lọ sí Dazu Gúúsù, kí ẹ wá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Baodingshan. Àwọn ẹlẹ́sìn Bùdà ló gbẹ́ òkúta òkè náà ní ohun tó lé ní 800 ọdún sẹ́yìn, UNESCO sì ti kà á mọ́ ohun ìní aráyé láti 1999. Gbogbo ènìyàn ló ń sáré lọ síbi Bùdà tó dùbúlẹ̀, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 31, ó sì tó wò lóòótọ́. Ẹ wá obìnrin tó ń sin adìyẹ. Ìsàlẹ̀, láàárín àwọn àwòrán ọ̀run àpáàdì ló wà, kò ga. Ó ń ṣí àgò adìyẹ rẹ̀, adìyẹ méjì ti yọ orí síta, wọ́n ń du ekòló kan. Ohun tí wọ́n gbẹ́ ẹ fún ni láti kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń sin adìyẹ fún pípa yóò jìyà. Síbẹ̀, ẹni tó gbẹ́ ẹ fún un ní ẹ̀rín jẹ́ẹ́, ojú rẹ̀ rọ̀, ó fẹ́ràn adìyẹ rẹ̀. Mo dúró tì í débi tí ọmọ mi fi bínú lọ.

Ẹ lo pásípọ́ọ̀tù yín láti ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè náà, òun náà ni ẹ máa fi wọlé. Ẹ tètè jáde láàárọ̀, kí ẹ sì béèrè bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn láti Baodingshan kí ẹ tó wọ ẹnu ọ̀nà.